Ilẹ̀ Tó Ń Rùn Bí Kánfọ̀: Bí Mo Ṣe Yẹ Ibùdó Gáàsì Àtijọ́ Kan Wò

Ọmọkùnrin tó ń bá mi gbẹ́lẹ̀ gbé ṣọ́bìrì sókè, ó ní kí n wá gbóòórùn nǹkan. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n. Òórùn àpótí aṣọ ìyá mi ni, ibi tí aṣọ òkè wọn ń sùn sí láàárín kánfọ̀ funfun róbótó. Àmọ́ ìlú kan ní àríwá England la wà, lẹ́bàá ihò tí kò jìn ju mítà kan lọ, ilé mọ́kànlélógójì làwọn kan sì fẹ́ kọ́ sórí ẹ̀.

Iṣẹ́ mi nìyẹn: kí wọ́n tó kọ́lé sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti lò rí, èmi ni mo máa sọ bóyá ó ti ní májèlé nínú. Ẹni tó ra ilẹ̀ yìí ti ní ìwé àyẹ̀wò kan lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, tí ẹlòmíì kọ. Ìwé náà ní ibi ìkẹ́rùsí lásán ni ibẹ̀ jẹ́. Mo ṣí i wò, máàpù tó dàgbà jù nínú ẹ̀ jẹ́ ti 1968. Oníbàárà mi kàn fẹ́ kí n fọwọ́ sí i kí káńsù lè tètè gbà á ni. Ó ní ìjọba fúnra wọn ló ní ká yára.

Kò parọ́ o. Mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ilé nìjọba ní àwọn fẹ́ kó dìde kí sáà wọn tó parí. Ní oṣù Kejìlá 2025, ọba fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ètò ìkọ́lé àti iṣẹ́ amáyédẹrùn, kí ojú ọ̀nà, iná àti ilé má bàa máa há sínú fáìlì mọ́. Ṣùgbọ́n ìlànà ìkọ́lé ilẹ̀ England ò yí ibì kan padà: ẹni tó ń kọ́lé tàbí ẹni tó nilẹ̀ ló máa rí i pé ilẹ̀ náà ò ní pa ẹnikẹ́ni lára, ẹni tó sì mọ iṣẹ́ yẹn dunjú ló gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò rẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ dunjú yẹn, èmi ni. Bó bá bàjẹ́, orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀ ìwé.

Mo bá jókòó ti máàpù. Ilé ìkàwé àpapọ̀ ti Scotland ti gbé àwọn máàpù àtijọ́ Ordnance Survey, iléeṣẹ́ tó ń ya máàpù fún ìjọba, sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ti England náà wà níbẹ̀. Mo ń lọ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí mo fi dé èyí tí wọ́n yà nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń parí lọ. Àmì róbótó méjì, ìyẹn àwo ńlá tí wọ́n ń tọ́jú gáàsì sí, ẹ̀gbẹ́ ojú irin, wọ́n wá kọ Gas Works, ibùdó gáàsì, sí i lára gàdàgbà. Kò gbà mí ju ogójì ìṣẹ́jú lọ, kò sì ná mi ní kọ́bọ̀. Títí dòní, inú ń bí mi sí ẹni tó kọ ìwé àkọ́kọ́ yẹn.

Kí gáàsì abẹ́ Òkun Àríwá tó dé, èédú ni wọ́n ń sè nínú ìkòkò ńlá tí wọ́n dé pa, kí gáàsì lè jáde lára rẹ̀ fún iná àti ààrò. Lára ohun tó bá ṣẹ́ kù máa ń dúró sínú ilẹ̀: ọ̀dà dúdú, omi amóníà, àti ìpẹtà irin tí wọ́n fi ń sẹ́ gáàsì. Ìpẹtà yẹn máa ń fa sáyánáìdì mọ́ra títí á fi di búlúù. Ẹni tó bá ti rí ìkòkò aró l'Abẹ́òkúta rí ti mọ àwọ̀ tí mò ń wí.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rìn yí ilẹ̀ náà ká, koríko ibẹ̀ hù dáadáa, àfi ibì kan tó pá bí orí àgbàlagbà. Ojú àpá kì í sáà jọ ojú ara. Bàbá àgbà kan tó mú ajá rẹ̀ jáde dúró wò mí. Mo kí wọn, mo sì bi wọ́n bóyá wọ́n ti pẹ́ ládùúgbò. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Àwa ọmọdé la máa ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ wá síbí wá ra kóòkù," ìyẹn èédú tí wọ́n ti fa gáàsì inú rẹ̀ tán. Wọ́n wá nawọ́ sí ibi tí ihò ọ̀dà wà. Kò sí lórí máàpù kankan.

Ìlànà tí a ń tẹ̀ lé láti 2020 kò le lórí ìwé. Ohun mẹ́ta là ń wá: ibi tí májèlé wà, ọ̀nà tó lè gbà rìn, àti ẹni tàbí omi tó lè bá. Tí ọ̀kan ò bá sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ò lè sọ pé ewu wà. Ọ̀nà yẹn ló máa ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn oníkánjú. Ní Corby, ìlú kan ní England, ibi tí wọ́n ti ń rọ irin tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń fọ̀ mọ́. Ọkọ̀ tó ń kó ẹrẹ̀ onímájèlé gba àárín ìlú, ẹrẹ̀ dà sójú títì, ó gbẹ, ó di eruku. Àwọn aboyún fà á símú, ọmọ àwọn kan lára wọn dáyé pẹ̀lú ìka tí kò pé. Ní July 2009, ilé-ẹjọ́ gíga dá káńsù ibẹ̀ lẹ́bi. Iṣẹ́ ìtọ́jú ilẹ̀ gan-an ló la ọ̀nà fún májèlé yẹn.

Nígbà tó kan gbígbẹ́lẹ̀, èmi náà ṣàṣìṣe. Mo fi àmì sí àárín róbótó àkọ́kọ́ bí máàpù ṣe fi hàn, mo gbàgbé pé máàpù àtijọ́ máa ń yẹ̀ ní mítà mélòó kan. A fọwọ́ gbẹ́ ẹ tó mítà kan àti díẹ̀ kí ẹ̀rọ tó wọ̀ ọ́, torí wáyà iná, ẹ̀rọ sì kan ògiri bíríkì. Ìdajì ọjọ́ ṣòfò. A sún un sí apá ìlà oòrùn, ìgbà yẹn ni ọmọkùnrin yẹn gbé ṣọ́bìrì sókè. Naphthalene inú ọ̀dà, òun náà ló wà nínú kánfọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ihò kẹrin mú ilẹ̀ búlúù jáde. Mo bu ú sínú ìgò, mo gbé e sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín.

Èsì yàrá àyẹ̀wò dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá. Níbi tí ilé ti máa ní ọgbà ẹ̀fọ́, tí òjé bá ti ju 200 mílígíráàmù lọ nínú kílógíráàmù erùpẹ̀ kan, ó di ohun tí a gbọ́dọ̀ wò. Tiwa lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Oníbàárà ní ká kúkú kó gbogbo ẹ̀ dànù. Mo ṣírò ẹ̀ fún un: owó orí ìdalẹ̀nù nìkan, £126.15 lórí tọ́ọ̀nù kan lọ́dún ìṣúná 2025 sí 2026. Ọkọ̀ kan tó ru ogún tọ́ọ̀nù ti jẹ £2,500 ó lé díẹ̀, ká tó sanwó ọkọ̀ rárá. Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ohun tá a fẹnu kò sí ni pé ọ̀dà inú ihò àti inú àwo gáàsì méjèèjì máa jáde. Àwọn ọgbà máa gba aṣọ olómi ọsàn lábẹ́, kí ẹni tó bá gbẹ́lẹ̀ jù lè rí i, lẹ́yìn náà erùpẹ̀ mímọ́ 600 mílímítà lórí ẹ̀.

Páìpù omi ló dá ìjà sílẹ̀. Wọ́n ti ra páìpù oníke lásán. Ọ̀dà máa ń gba ara ike wọlé, omi ẹ̀rọ á wá máa rùn bí Izal nínú kọ́ọ̀pù. Èyí tó ní alumíníọ̀mù láàárín ni wọ́n máa ń rì sírú ilẹ̀ yẹn, ó sì wọ́n. Oníbàárà ní òun ò ní yí i padà. Mo fi lẹ́tà iléeṣẹ́ omi hàn án: wọn ò ní so omi mọ́ ọn bí kò bá yí i. Ó yí i.

Ìwé tó máa fi hàn káńsù pé a ṣe gbogbo ẹ̀ bó ṣe yẹ ni mò ń kọ lọ́wọ́ báyìí. Fọ́tò mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún ni mo ní láti lẹ̀ mọ́ ọn, gbogbo wọn pẹ̀lú rúlà nínú ihò. Méjì nínú wọn, òjò ti bà á jẹ́, mo ní láti padà lọ gbẹ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.