Ẹnu Ọmọ Tó Ń Gba Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ: Ohun Tí Òbí Lè Ṣe Nílé

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́, a kí yín kú àmójútó. Ọ̀rọ̀ tí ìwé yìí gbé wá kò pọ̀: ẹ máa yẹ ẹnu ọmọ wò lójoojúmọ́, ẹ má sì tìtorí pé ó ń dùn ún kí ẹ fi í sílẹ̀ láìfọ̀. Ọjọ́ tó ń dùn ún jù gan-an ni kò yẹ kó wà ní ìdọ̀tí.

Ìdí tí ẹnu fi ń dégbò

Oògùn kẹ́mò, ìyẹn oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ, máa ń bá sẹ́ẹ̀lì (ẹyọ tín-tìn-tín tí ara fi dúró) tó ń yára pín jà, ì báà jẹ́ ti jẹjẹrẹ, ì báà jẹ́ ti ara fúnra rẹ̀. Awọ inú ẹnu wà lára àwọn tó ń yára pín. Nítorí náà, bí ọjọ́ 5 sí 10 lẹ́yìn tí ọmọ bá gba oògùn, inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè pọ́n, ahọ́n lè máa ta á, egbò sì lè yọ. Ó sábà máa ń jinná láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 3. Ṣùgbọ́n àsìkò yẹn kan náà ni sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń dáàbò bo ara máa ń dín kù nínú ẹ̀jẹ̀. Kòkòrò tó ti ń gbé ẹnu tipẹ́ láìṣe ọmọ ní nǹkan kan wá lè gba ojú egbò wọnú ẹ̀jẹ̀.

Kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀

Bí àyè bá wà, kí dókítà eyín yẹ ẹnu ọmọ wò, kó tọ́jú eyín tó ti jẹrà. Bí kò bá sí àyè, ìtọ́jú jẹjẹrẹ ni kó ṣáájú.

Fífọ ẹnu

Ẹẹ̀mejì lóòjọ́, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, ọṣẹ tó tó hóró ìrẹsì kan ti tó. Láti ọdún 3 sí 6, kó tó hóró ẹ̀wà kékeré. Ọmọ lè sọ pé òun lè dá a fọ̀. Ẹ jẹ́ kó fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ tẹ̀ lé e. Bí ọṣẹ bá ń ta á, ẹ fi omi lásán rẹ búrọ́ọ̀ṣì. Bí búrọ́ọ̀ṣì alára kò bá ṣeé fọwọ́ kàn, ẹ fi aṣọ mímọ́ rírọ̀ tí ẹ ti rẹ sómi nu eyín àti erìgì, kí ẹ padà sí búrọ́ọ̀ṣì ní kété tó bá ti rọjú.

Omi ìṣanẹnu kò le pò. Ẹ bu ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí kékeré (1/4) béékìn sódà (kì í ṣe béékìn páódà o) àti ìdá kan nínú mẹ́jọ ṣíbí kékeré (1/8) iyọ̀ sínú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan. Kí ọmọ fi ṣan ẹnu lẹ́ẹ̀mélòó kan lóòjọ́, kó tu ú dànù, kó sì fi omi lásán ṣan án lẹ́yìn náà. Ọmọ tí kò tíì mọ bí a ṣe ń tutọ́ kò gbọ́dọ̀ lò ó. Omi ìṣanẹnu tó ní ọtí nínú kò dára fún un rárá, yóò ta á, yóò sì tún mú kí ẹnu gbẹ.

Oúnjẹ rírọ̀ tó ti tutù díẹ̀ ló rọrùn. Ata, ọsàn kíkan àti ohun tó le gbanja ń dá egbò lára. Oògùn olómi pọ̀ tó dùn bíi ṣúgà, nítorí náà ẹ fún ọmọ lómi mu lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tí ẹ ó máa wò

Ẹ lo tọ́ọ̀ṣì. Àbàwọ́n funfun bíi wàrà tó dì lórí ahọ́n, ẹ̀jẹ̀ tí kò dá, egbò tí kò jẹ́ kó gbé omi mì: ẹ pe ilé ìwòsàn. Ẹ má fa eyín tó ń mì, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè má tètè dá. Vincristine, ọ̀kan lára àwọn oògùn kẹ́mò, lè mú kí àgbọ̀n máa dun ọmọ bí ẹni pé eyín ló ń dùn ún, nígbà tí kò sí eyín tó bàjẹ́. Ẹ sọ fún dókítà kí ẹnikẹ́ni tó yọ eyín kankan. Ẹ má fún un ní aspirin tàbí ibuprofen láìbéèrè.

Bí ara ọmọ bá gbóná tó 38 ní ìwọ̀n Celsius, ilé ìwòsàn lẹsẹ̀kẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Ẹ má kọ́kọ́ fún un ní paracetamol kí ẹ máa wò ó bóyá á lọ sílẹ̀. Oògùn yẹn lè bo ibà náà mọ́lẹ̀ nígbà tí àìsàn ń tàn nínú ẹ̀jẹ̀.

Lẹ́yìn ìtọ́jú

Ọmọ tó gba ìtọ́jú kó tó pé bí ọdún 6 lè ní eyín àgbà tó kéré, tí gbòǹgbò rẹ̀ kúrú, tàbí tí òmíràn kò hù rárá. Ẹ kọ orúkọ oògùn tó gbà, ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà náà, àti bóyá wọ́n fi ìtànṣán tọ́jú orí tàbí ọrùn rẹ̀, kí ẹ máa mú ìwé náà lọ bá dókítà eyín nígbàkígbà tí ẹ bá ń lọ.