Bí a ṣe ń yan oríṣiríṣi oúnjẹ pọ̀ nínú ófìnì ilé

Kí ẹ tó tan iná, ẹ wo ìwọ̀n ooru tí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ń fẹ́. Mítípáì àti itan adìyẹ lè jọ jinná ní 190°C, ṣùgbọ́n kéèkì ni kí ẹ dá yan, nítorí pé bí ẹ bá ń ṣí ilẹ̀kùn ófìnì lemọ́lemọ́ láti yí adìyẹ, àárín kéèkì yóò rì. Pẹpẹ ìsàlẹ̀ ni kí adìyẹ wà, kí omi rẹ̀ má baà kán sórí páì. Lẹ́yìn nǹkan bí 15 ìṣẹ́jú, ẹ yí páànù páì padà, kí èyí tó wà lẹ́yìn bọ́ síwájú. Ẹ̀yìn ni tèmi ti máa ń jó. Ófìnì tó kún máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i, nítorí náà ẹ gún itan adìyẹ níbi tó ti nípọn jù: bí omi rẹ̀ bá ṣì pọ́n, ẹ dá a padà.