Ẹ má torí generic tó ń bọ̀ dá oògùn ojú dúró: àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Àwọn kan á gbọ́ pé pátẹ́ǹtì oògùn ojú tí wọ́n ń lò, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí kì í jẹ́ kí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe é, ti fẹ́ parí, ni wọ́n á bá máa ṣọ́ èyí tó kù nínú ìgò lò: òní wọ́n kán an, ọ̀la wọn ò kán an, kó lè tó wọn títí generic, ìyẹn oògùn kan náà tó dínwó tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe, á fi jáde. Àṣìṣe tó burú jù nìyẹn. Ẹ wo Restasis, oògùn ojú gbígbẹ. Ọdún 2002 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà, pátẹ́ǹtì rẹ̀ àkọ́kọ́ sì parí lọ́dún 2014. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ni ín ti gba pátẹ́ǹtì mìíràn lé e, ni ẹjọ́ bá bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2017, ilé iṣẹ́ náà tiẹ̀ gbé pátẹ́ǹtì náà fún ẹ̀yà Mohawk kan, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà tí òfin dáàbò bò lọ́wọ́ irú ẹjọ́ kan, kí wọ́n má baà lè fagi lé e, àmọ́ ọgbọ́n yẹn ò jẹ. Oṣù Kejì ọdún 2022 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí generic Restasis àkọ́kọ́.

Ti ojú gbígbẹ ṣì sàn. Bó bá jẹ́ glaucoma ni, àìsàn tó ń ba iṣan ìríran jẹ́, ìfúnpá inú ojú kì í dúró de ilé ẹjọ́, ìríran tó bá sì bá a lọ kì í padà. Kì í sábà dunni, ó sì rọrùn láti gbàgbé ẹ̀.

Nígbà tí generic bá wá dé, àwọn kan á máa lo méjèèjì pọ̀. Ìgò oògùn glaucoma méjì wà lórí tábìlì: ọ̀kan kọ Xalatan gàdàgbà, èkejì kọ latanoprost. Ó jọ oògùn méjì. Ẹ gbé Xalatan yẹn súnmọ́ ojú, kí ẹ wo lẹ́tà kéékèèké abẹ́ orúkọ ńlá náà: latanoprost ni òun náà, 0.005%. Ẹ̀kán kan lálaalẹ́ ni wọ́n ń lò ó. Tí ẹ bá kán an jù bẹ́ẹ̀ lọ, agbára tó fi ń dín ìfúnpá ojú kù gan-an lè rẹlẹ̀.

Generic lè ta yín lójú díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ò yí padà, àmọ́ èròjà tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́ lè yàtọ̀. Ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀. Ìgò náà tún lè rọ̀ ju ti àtijọ́ lọ: tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ṣe ń tẹ ti tẹ́lẹ̀, ẹ̀kán mẹ́ta lè já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, oògùn á sì tán kí oṣù tó parí. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́.