Bí mo ṣe wọn ooru ìlú láti ojú ọ̀dà dé abẹ́ igi

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé abẹ́ igi tutù ju ojú títì lọ. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ohun tó ń mú un tutù, àti bóyá gbogbo ibi tó bá ṣáà ti ní ewé nínú ìlú ló ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Mo bá mú tẹmọ́mítà, mo fẹsẹ̀ rìn.

Ọ̀nà tí mo yàn kò gùn. Ó bẹ̀rẹ̀ níbi ìgbọ́kọ̀sí kan tí wọ́n da ọ̀dà sí láti igun dé igun, ó gba àdúgbò tí ilé ti fara ti ilé, ó kọjá pápá tí kò ní ju koríko lọ, ó sì parí sínú ọgbà ìgbafẹ́ tí ẹ̀ka igi ti pàdé lókè. Bí ibi kan bá jìnnà jù sí èkejì, oòrùn á ti yí kí èèyàn tó débẹ̀, ohun tó wọ̀n kò sì ní ṣeé fi wéra mọ́. Ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́, tí atẹ́gùn kò fẹ́ púpọ̀, ni mo jáde.

Irinṣẹ́ méjì ni mo mú dání: tẹmọ́mítà tó ń wọn ooru afẹ́fẹ́, àti ẹ̀rọ kékeré tí à ń nà sí ojú nǹkan láti mọ bí ojú náà ṣe gbóná tó. Ẹ má ṣe da méjèèjì pọ̀ o. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò àyíká sọ pé ojú ibi tí igi ṣíji bò lè fi dígírì Celsius 11 sí 25 tutù ju ibi tí oòrùn ń pa, ṣùgbọ́n 1 sí 5 péré ni ewéko lè mú kúrò nínú ooru afẹ́fẹ́ lọ́sàn-án gangan. Afẹ́fẹ́ kì í dúró sójú kan. Èyí tó gbóná ń wọlé, èyí tó tutù ń jáde.

Tẹmọ́mítà tí oòrùn bá ń pa, ooru ara rẹ̀ ló ń sọ fún èèyàn, kì í ṣe ti afẹ́fẹ́. Nítorí náà mo to àwo ike funfun léra, mo fi àlàfo sáàárín wọn kí atẹ́gùn lè gbà á kọjá, mo sì fi tẹmọ́mítà sínú wọn. Mo gbé e sókè tó bí ìgbáàyà àgbàlagbà, torí pé láàárín mítà 1.25 sí 2 ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ máa ń gbé tiwọn sí. Níbi kọ̀ọ̀kan, mo dúró títí nọ́ńbà rẹ̀ fi fìdí múlẹ̀.

Ojú ọ̀dà kò yà mí lẹ́nu. Ọ̀dà tuntun máa ń gba nǹkan bí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún ìtànṣán oòrùn tó bá bà á. Pápá koríko ló dá mi dúró jù. Apá kan rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, torí pé wọ́n ń bomi rin ín; apá kejì ti gbẹ, ó ti pọ́n. Nígbà tí mo na ẹ̀rọ sí apá tó gbẹ, ooru rẹ̀ sún mọ́ ti ilẹ̀ lásán. Omi ni àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Ewé ní àwọn ihò tíntìntín tí omi ń gbà jáde di oru, omi kò sì lè di oru láìjẹ́ pé ó gba ooru lọ́wọ́ ohun tó yí i ká. Ooru tó ń sọ líta omi kan di oru ju ìlọ́po méje ooru tó ń gbé líta kan náà láti dígírì 20 dé ibi tó ti ń hó. Koríko tí kò rómi mu kò ní ohun tí yóò fi ṣiṣẹ́.

Igi ní tirẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ń fa omi láti ìsàlẹ̀ tí ti koríko kò lè dé, ẹ̀ka rẹ̀ sì ń dá oòrùn dúró kó tó ba ilẹ̀, ògiri àti awọ ara wa. Ìdí nìyí tí dígírì díẹ̀ lórí tẹmọ́mítà fi ń dà bí ìyàtọ̀ ńlá lára ẹni tó ń kọjá lábẹ́ rẹ̀.

Mo tún padà lọ lálẹ́, mo sì gba ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí níyànjú pé kó má fo alẹ́. Luke Howard, tó wọn ooru ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ti rí i pé alẹ́ ni ìlú ń fi ooru ju ìgbèríko lọ jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo bá a: ògiri àti ọ̀dà ṣì ń tú ooru ọ̀sán sílẹ̀ ní àdúgbò tí ilé ti há. Àmọ́ ibi tó tutù jù ti yí padà. Pápá gbalasa ló wá tutù ju abẹ́ igi lọ, nítorí pé ooru ilẹ̀ rẹ̀ ń lọ tààrà sí ojú ọ̀run, nígbà tí ewé ń dá ti abẹ́ igi padà. Ìlú nílò méjèèjì, igi fún ọ̀sán, gbalasa fún alẹ́.

Mo rìn jáde láti ẹnu ọgbà láti mọ ibi tí ìtura rẹ̀ dé. Kò pẹ́ kó tó pòórá láàárín ilé. Nítorí èyí, ọgbà kéékèèké tó sún mọ́ ilé àti igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni mo fara mọ́ ju ọgbà ńlá kan ṣoṣo lọ. Ìlú Medellín ní Kòlóńbíà bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní 2016: wọ́n gbin igi àti ewéko lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì àti ipadò lọ́nà bí 30, ìjọba ìlú náà sì sọ pé ooru ti fi dígírì 2 dínkù níbẹ̀.

Nígbà tí mo fi gbogbo rẹ̀ sórí àwòrán ilẹ̀, mo lo òdiwọ̀n Cecil Konijnendijk, onímọ̀ nípa igi inú ìlú: igi 3 tí a lè rí láti ojú fèrèsé, ìbòòji igi lórí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún àdúgbò, àti ọgbà láàárín mítà 300 sí ilé. Àdúgbò tí ilé ti fara ti ilé kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀gbẹ́ títì rẹ̀ tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń kọjú sí ni mo kọ́kọ́ sàmì sí fún igi, pẹ̀lú ibi tí omi yóò ti máa dé ìdí wọn.