Káàdì Mi Gbóná Bí Ààrò: Ohun Tí Mo Ṣe Sí I

Iṣẹ́ fídíò ìgbéyàwó ni mò ń ṣe n'Íbàdàn. Káàdì gíráfíìkì (ẹ̀yà tó ń bá kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ àwòrán àti fídíò) tó wà nínú kọ̀ǹpútà mi, GTX 1060 oní 6GB ni, èyí tí Nvidia gbé jáde ní 2016. Tòkunbọ̀ ni mo rà á, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún mi ohun tójú rẹ̀ ti rí kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Nígbà tí ọyẹ́ ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí oòrùn ń mú, ó bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Fáànù méjèèjì á máa ké bí ẹ̀rọ ìlọta, tó bá sì yá, ojú kọ̀ǹpútà á ṣókùnkùn lójijì. Mo ṣí MSI Afterburner, ètò ọ̀fẹ́ tó ń fi ìwọ̀n ooru hàn: 91°C. Bí káàdì yìí bá ti tó nǹkan bí 83°C, fúnra rẹ̀ ló máa ń dẹ ìrìn. Ibi tí wọ́n ní kó má kọjá ni 94°C. Abájọ tí fídíò tó yẹ kó jáde ní ìṣẹ́jú 40 fi ń gba wákàtí kan ààbọ̀. Ìyá ìyàwó ń pè, mi ò gbé e.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe, ìwà òpè ni. Mo ṣí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀, mo kọ fáànù onídùúró sí i. Ó tutù fọ́jọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà ni eruku pupa àdúgbò wa kún inú rẹ̀ bí ẹni fi igbá bù ú sí i. Atúnkọ̀ǹpútàṣe kan wò ó, ó ní, "Brọ̀dá, ẹ ra òmíràn, eléyìí ti darúgbó." Mo béèrè iye. Mo dákẹ́.

Mo pinnu pé èmi fúnra mi á tú u. Mo paná, mo yọ wáyà, mo fọwọ́ kan irin ara kọ̀ǹpútà kí iná tó wà lára mi má bàa ṣe é ní jàǹbá, mo wá fa káàdì náà yọ. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tuntun ni mo fi gbọn eruku, mo fi búlọ́wà fẹ́ ìyókù. Ẹ fìka di fáànù mú bí ẹ bá ń fẹ́ ẹ o. Bí afẹ́fẹ́ bá yí i ju agbára rẹ̀ lọ, ó lè ba bẹ́ríǹ jẹ́. Mo dá a padà: 88°C. Gbogbo làálàá yẹn, digíríì mẹ́ta péré!

Ó wá ku irin tó ń fa ooru kúrò lára ọpọlọ káàdì. Síkúrù mẹ́rin oní-sípíríǹgì ló dè é. Díẹ̀díẹ̀ ni mo tú wọn, láti igun kan sí igun tó dojú kọ ọ́, kó má bàa tẹ̀ sápá kan. Ó ṣì lẹ̀ típẹ́. Mo rọra ń yí i sọ́tùn-ún sósì títí ó fi ṣí, mo sì tètè yọ wáyà fáànù tó tín-ín-rín bí òwú kó tó já. Thermal paste, ìyẹn ìpara tó ń gbé ooru láti ara ọpọlọ káàdì sára irin, ti gbẹ bí ẹ̀kọ àná tó lẹ̀ mọ́ ewé. Mo fi èékánná ha á, ó ń bọ́ lẹ́búlẹ́bú. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn.

Isopropyl alcohol, èyí táwọn atúnfóònùṣe ń lò, ni mo fi nù ún títí ó fi ń dán bíi dígí. Mo kán paste tuntun sí i, mo fi káàdì ATM tó ti kú tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ká gbogbo ojú rẹ̀.

Àṣé mo ṣì máa gba ìyà kan sí i. Pad rírọ̀ tó wà láàárín àwọn mẹ́mọ́rì káàdì àti irin, tó ń gbé ooru wọn lọ, ti ya mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ra tuntun láì wọn ti tẹ́lẹ̀. Mo fi oní-mílímítà 2 síbi tó yẹ kí mílímítà 1 wà. Mo tan kọ̀ǹpútà, kí n tó dìde lórí àga ooru ti gun 90°C. Pad tó nípọn jù ló gbé irin sókè, kò jẹ́ kó fara kan ọpọlọ. Mo paná kíá, mo tún gbogbo rẹ̀ tú, ọ̀sán ọjọ́ kan tún lọ.

Nígbà tí mo to ó dáadáa, iṣẹ́ kan náà, 71°C. Mo wá padà sínú Afterburner, mo fa power limit, ìyẹn òté iná tí káàdì lè jẹ, wálẹ̀ sí 80%. Wáàtì 120 ni káàdì yìí ń jẹ tẹ́lẹ̀, ó wá di 96. Ooru já sí 66°C, ìṣẹ́jú bíi méjì ni fídíò sì fi pẹ́ sí i. Jẹnẹrétọ̀ kékeré mi, I-pass-my-neighbour, mí kanlẹ̀. Fáànù òsì ṣì ń kùn, mo ká sítíkà àárín rẹ̀, mo kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀kán kan ṣoṣo sí i, ó dákẹ́.

Ìyá ìyàwó gba fídíò rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ní àwọ̀ gèlè òun ò jọ ti ọjọ́ náà. Ìyẹn ò kan káàdì.