Bí A Ṣe Ń Padà Sídìí Ọkọ̀ Tí Kò Mọ́ Wa Lára Lẹ́yìn Tí A Ti Pẹ́ Láìwakọ̀

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi wọ Micra àti ọ̀kadà káàkiri Ìbàdàn lẹ́yìn tí mo ta ọkọ̀ mi àtijọ́, èyí tí a ń fi ọwọ́ yí gíà rẹ̀. Nígbà tí àbúrò mi wá fi Corolla tókunbọ̀ kan sílẹ̀ fún mi, ọ̀tọ̀mátíìkì ni, gíà rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀ láìsí kílọ́ọ̀ṣì, mo gba kọ́kọ́rọ́, mo sì já sójú títì lọ́jọ́ náà gan-an. Nídìí afárá Mókọ́lá, ẹsẹ̀ òsì mi wá kílọ́ọ̀ṣì tí kò sí lọ, ó bá bíréèkì pàdé, ó sì tẹ̀ ẹ́ délẹ̀. Ọkọ̀ dúró gbagidi. Awakọ̀ Micra tó wà lẹ́yìn mi yẹ̀ gbà ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó yọ orí síta, ó ní, “Màmá, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí n bá yín wà á!” N kò gbàgbé ọkọ̀ wíwà, ọkọ̀ yẹn gan-an ni n kò mọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé wákàtí tí a lò nínú ọkọ̀ tó dúró sójú kan ló ń lé ẹ̀rù lọ jù.

Kí ẹ tó jókòó rárá, ẹ rìn yí ọkọ̀ ká. Lára táyà, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn àwọn lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT: méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀, méjì tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọdún tí wọ́n ṣe é, nítorí náà 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà lè gbó síbẹ̀ kí ojú rẹ̀ máa dán, pàápàá tí ọkọ̀ náà bá ti pẹ́ nílẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ tí ìwé àṣẹ ìwakọ̀ yín yóò parí pẹ̀lú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wọlé, kí ẹ má sì tíì tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ sún ìjókòó títí orúnkún ọ̀tún yín yóò fi ṣẹ́ díẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì délẹ̀. Ẹ na apá yín lé sítíárìn. Ọrùn ọwọ́ ni kó kan òkè rẹ̀, láìjẹ́ pé èjìká yín kúrò lára ìjókòó. Nínú dígí ẹ̀gbẹ́, ara ọkọ̀ yín kò gbọdọ̀ hàn ju bíńtín lọ, kí ìyókù jẹ́ títì. Ní báyìí, ẹ di ojú, kí ẹ fi ọwọ́ wá tiráfíkétọ̀, wáipà, iná iwájú, fèrè, àti ibi tí a ń yí kí atẹ́gùn fẹ́ sí gíláàsì iwájú. Ẹ má ṣe jáde nígbà òjò títí ọwọ́ yín yóò fi máa bá wọn láìwò, nítorí pé ìṣẹ́jú tí òjò bá dà sílẹ̀ kọ́ ni ó yẹ kí a máa tẹ orí bá wáipà.

Ẹ wo aago tó ń ka eré ọkọ̀ dáadáa. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, máìlì ni àwọn nọ́ńbà ńláńlá ń kà, kìlómítà a sì kéré sí abẹ́ wọn. Ẹni tó bá rí 60 níbẹ̀, tó rò pé òun rọra ń lọ, ti ń sáré tó kìlómítà 97 ní wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ sì ni òfin kò gbà ju 50 lọ fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láàárín ìlú, tàbí 100 lójú òpópónà márosẹ̀.

Ẹni tó bá ń bọ̀ láti ìdí ọkọ̀ oníkílọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ òsì ni kó kọ́kọ́ bá wí. Kílọ́ọ̀ṣì nìkan ni ẹsẹ̀ yẹn mọ̀, a sì máa ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì délẹ̀ ni, nítorí náà kò mọ bí a ti ń rọra tẹ nǹkan. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá bọ́ sórí bíréèkì, ńṣe ni ọkọ̀ yóò ta gìrì dúró. Ẹ ká a sẹ́yìn kí gìgísẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan abẹ́ ìjókòó. Láti ibẹ̀, kó tó na dé iwájú, ẹ ó ti mọ̀ pé ó ti ń lọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Ẹ wá pápá tó tẹ́jú, ti ilé ẹ̀kọ́ tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí kò sí èrò, kí ẹ sì mú ẹni kan dání tó ní ìwé àṣẹ tí kì í sì í pariwo. (Ọkọ tàbí ìyàwó ẹni kì í sábà jẹ́ ẹni náà.) Bí ẹ bá fa gíà sí D, tí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, ọkọ̀ yóò máa rìn fúnra rẹ̀. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá darí rẹ̀ pẹ̀lú bíréèkì nìkan. Ẹ wá to ike ọ̀dà òfìfo méjì-méjì, kí ẹ gba àárín wọn kọjá, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn padà gba ibẹ̀, títí ẹ ó fi mọ ibi tí igun ọkọ̀ parí sí. Ní ìparí, ẹ sáré dé kìlómítà 40 ní wákàtí kan, kí ẹ tẹ bíréèkì gan-an. Bí ọkọ̀ náà bá ní ABS, èyí tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí a bá tẹ bíréèkì gan-an, bíréèkì lè máa gbọ̀n lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ yín; ẹ má ṣe gbé ẹsẹ̀ kúrò, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún ọjọ́ mẹ́ta sàn ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ́jọ́ kan lọ, torí pé ara tó ti rẹ̀ kì í kọ́ nǹkan.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni kí ẹ kọ́kọ́ bọ́ sójú títì, lójú ọ̀nà tí ẹ mọ̀ bí ẹni mowó. Ẹni tó bá ń ti Ìlú Ọba bọ̀, níbi tí wọ́n ti ń gba ọwọ́ òsì, ní láti ṣọ́ra jùlọ nígbà tí títì bá dá, bó bá ti ń jáde nílé, nítorí kò sí ọkọ̀ mìíràn tí yóò tẹ̀ lé. Ọwọ́ ọ̀tún ni Nàìjíríà ń gbà láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972. Ní oríta róbótó, ọkọ̀ tó ti wà nínú rẹ̀, tó ń bọ̀ láti òsì yín, ló ni ọ̀nà.

Ìgbà tí èyí bá ti mọ́ra ni kí ẹ gbé e lọ sí òkè. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Màpó, bí ọkọ̀ iwájú bá dúró, ẹ fa bíréèkì ọwọ́ sókè; nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbéra, ẹ rọra tẹ iná títí ẹ ó fi gbọ́ pé ọkọ̀ ti ń fà, kí ẹ tó tú u. Bí ẹ bá ń sọ̀, ẹ fa gíà sí L tàbí 2, àwọn gíà kékeré, kí bíréèkì má baà gbóná jù.

Bí wọ́n bá ń fọn fèrè lẹ́yìn yín tí ọkàn yín sì ń dàrú, ẹ tan tiráfíkétọ̀ ọ̀tún, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi tó láyè, ẹ fa gíà sí P, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá. Márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó àti ìwakọ̀ òru ló kẹ́yìn. Èmi fi oṣù kan gbáko jìnnà sí méjèèjì.