Bí Mo Ṣe Yan Àtùpà Sí Ilé Wa Ní Òṣogbo

Nígbà tá a kun ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun tán, ọkọ mi ní ká ra iná ńlá kan, ká so ó mọ́ àjà pálọ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Mi ò gbà. Àtùpà ni mo fẹ́, èyí tó lẹ́wà lójú lọ́sàn-án tó sì wúlò lálẹ́. Ìlú tó ń tan iná olójú mẹ́rìndínlógún ni wá, kò yẹ ká fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ àtùpà.

Mo kọ́kọ́ mọ ohun tí mò ń wá. Àwọn tó ń ṣòwò ohun àtijọ́ kì í sábà pe nǹkan ní ti àtijọ́ gidi àfi tó bá ti pé 100 ọdún. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti ayé àwọn òbí wa, tó ti dàgbà ṣùgbọ́n tí kò tíì dé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni tuntun tó ń lo bọ́ọ̀bù tàbí sólà. Iṣẹ́ wọn ò dọ́gba. Wíwò ni ti àtijọ́ wà fún, ti ayé àwọn òbí wa ṣì lè tanná bó o bá tọ́jú rẹ̀, àmọ́ tuntun nìkan ló lè ru ẹrù ojoojúmọ́.

Ti àtijọ́ ò ná mi ní kọ́bọ̀, torí ó ti wà nínú yàrá ìyá bàbá mi kí wọ́n tó bí mi. Irin ni, alágbẹ̀dẹ ló rọ ọ́: ọ̀pá kan tó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, àwo kéékèèké mẹ́rin yí i ká, ẹnu àwo kọ̀ọ̀kan sì yọ síwájú níbi tí òwú máa ń sùn sí. Epo pupa ni wọ́n ń bù sí i. Tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ ó rí ojú òòlù lára irin náà, ẹ ó sì rí èérí epo tó ti gan mọ́ ìdí àwo, tó dúdú, tó le. Ẹbí kan náà ni òun àti iná olójú mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ń tàn nígbà ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ, èyí tí wọ́n máa ń tàn ní nǹkan bí aago méje alẹ́, tó máa ń jó títí ilẹ̀ á fi mọ́, tí Àtáọ́ja á sì jó yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta. Àmọ́ tiwa kì í ṣe ti òrìṣà. Mo bi àbúrò bàbá mi léèrè dáadáa kí n tó gbé e jáde, torí ohun ojúbọ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ṣe ọ̀ṣọ́ pálọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra irú rẹ̀, ẹ béèrè ibi tó ti wá. Ohun tí wọ́n jí ní ojúbọ máa ń rìn dé ọwọ́ ọlọ́jà nígbà mìíràn. Òfin Nàìjíríà ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde nílẹ̀ yìí láìgba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù.

Ọmọkùnrin kan tó ń fín ọ̀dà ládùúgbò rí i, ó ní, “Àǹtí, ẹ jẹ́ n fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà sí i, á máa dán gbinrin.” Mo ní rárá. Dúdú tó wà lára irin yẹn ni ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹni tó bá fi sáńpépà bó o ti bó 100 ọdún dànù. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni mo fi gbọn eruku rẹ̀, mo wá fi aṣọ tó ní òróró maṣíìnì díẹ̀ nù ún kó má baà dógùn-ún. Mi ò tàn án. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ló wà, bọ́ọ̀bù kékeré kan ń tàn sí i láti ìsàlẹ̀, òjìji àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì tóbi rẹpẹtẹ lára ògiri.

Èyí tó gba sùúrù jù ni àtùpà onígíláàsì tí à ń fi kẹrosíìnì tàn, tó ní ọ̀pá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti ìkọ́ lórí. Ọjà Ọba ni mo ti rí i lọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan tó ń ta irin àtijọ́. Bàbá ní, “Ìyá mi, ọkọ̀ ojú irin ló kó èyí wá nígbà tó kọ́kọ́ wọ Òṣogbo.” 1907 ni ọkọ̀ ojú irin wọ Òṣogbo. Mo dorí àtùpà náà kodò, mo fi àtàǹpàkò nu ìdí rẹ̀, mo bá rí “W. Germany” tí wọ́n tẹ̀ sí i. Láàárín 1949 sí 1990 ni Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì fi wà lọ́tọ̀, nítorí náà kò lè jẹ́ ẹgbẹ́ 1907. Mo fi han bàbá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n sì dín owó rẹ̀ kù. Àtùpà tó dáa ni síbẹ̀síbẹ̀, àwọn ará Jámánì mọ iṣẹ́ yìí.

Ọ̀pá méjì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Inú wọn ni afẹ́fẹ́ ń gbà sọ̀ kalẹ̀ lọ bá iná, ìyẹn ni iná rẹ̀ kì í fi í kú nínú ìjì. Bí ọ̀pá bá ti lu tàbí tó ti tẹ̀ pa, èéfín ni yóò máa rú, gíláàsì á sì dúdú. Mo fi ìka tọ ọ̀pá méjèèjì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo yí ìdè tó ń gbé òwú sókè bóyá ó ṣì ń mú. Mo ní kí bàbá bu kẹrosíìnì díẹ̀ sí ikùn rẹ̀, a gbé e lé orí bébà ìròyìn, a sì ń sọ̀rọ̀. Bébà náà gbẹ títí. Òmíràn wà níbẹ̀ tí wọ́n pè ní idẹ. Mo gbé mágnẹ́ẹ̀tì tí mo mú wá sún mọ́ ọn, ó lẹ̀ mọ́ ọn. Mágnẹ́ẹ̀tì kì í fa idẹ, irin tí wọ́n kùn ni.

Àtùpà gáàsì olóríi pọ́ọ̀ǹpù náà wà lọ́jà. Mo fi í sílẹ̀. Àpò funfun tó ń tàn nínú àwọn ti àtijọ́ sábà máa ń ní èròjà kan tó ń jẹ́ thorium, tí ìtànṣán rẹ̀ léwu, mi ò sì fẹ́ kí ọmọdé fọ́n eruku rẹ̀ sílé.

Fàráńdà ni àtùpà Jámánì yẹn wà. Kẹrosíìnì ọ̀dọ̀ ẹni tí mo mọ̀ nìkan ni mò ń rọ sí i, torí èyí tí wọ́n bá lú mọ́ pẹtiróòlù lè gbiná lójijì, ó sì ti pa èèyàn ní Nàìjíríà. A kì í gbé e wọnú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ tì, a kì í sì í fi í sílẹ̀ sùn.

Ọ̀ọ̀dẹ̀ ni mo ra tuntun sí: irin dúdú onígun mẹ́rin, gíláàsì gidi ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kì í ṣe rọ́bà tí ooru á sọ di pupa rúsúrúsú. Mo wo ibi tí bọ́ọ̀bù ń wọ̀ kí n tó sanwó, torí èyí tí à ń tì bọ̀ tó ní píìnì méjì yàtọ̀ sí èyí tí à ń yí bọ̀. Mo wá bọ́ọ̀bù LED tí wọ́n kọ 2700K, nọ́ńbà tó ń sọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, sí lára páálí, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ó sì bá ti àwọn àgbà yẹn mu. 6500K funfun jù, ilé á dà bí ilé ìwòsàn. Sólà ni mo so sí ẹnu géètì. Lóríi tìyẹn, mo wá IP65, àmì pé omi òjò ò lè wọ inú rẹ̀, lára páálí rẹ̀, mo sì so ó sí ibi tí igi máńgò ò ti bo oòrùn mọ́ ọn lójú.

Ẹlẹ́ńtíríṣíànì fẹ́ fi ìkọ́ ti ọ̀ọ̀dẹ̀ wọ inú àjà PVC. Mo ní kó kàn án mọ́ igi tó gbé àjà náà dúró, PVC ò lè gbé irin àti gíláàsì. Ó lu àjà títí ó fi gbọ́ ibi tí ohùn ti yí padà, ibẹ̀ ló yí síkúrúù sí. Ó rọ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kò mì.